Ọmọ Ìlú Ibo Ni Ọkọ̀ Yìí?

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á fún yín kí ẹ má baà máa wò mí lójú: ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú kan. Ẹni tó bá rò pé kéèyàn ṣáà ti ra ọkọ̀, kó gbé e sómi, kó máa ṣe fàájì kiri òkun ni, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àsíá tó wà ní ìdí ọkọ̀ ló ń sọ òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé nínú rẹ̀, àti ìjọba tó máa gbèjà rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá di ariwo. Èyí tí kò ní àsíá, aláìnílé ni lójú òkun. Ẹni tó bá ṣáà ti wù ló lè dá a dúró, kó tú inú rẹ̀, kó sì mú un lọ. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan ìlú náà fún un. Èmi àti ẹ̀yin, ibi tí wọ́n bí wa sí la bá ara wa, ẹnikẹ́ni ò bi wá léèrè. Ọkọ̀ rí ẹni bá a yàn, àwa ò rí.

Ibi yíyàn yìí gan-an ni Jẹ́jẹ́ há sí. Jẹ́jẹ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ o. Àwọn tí wọ́n jọ ń tún ẹ̀rọ agbéniròkè ṣe nínú àwọn ilé gíga ló fún un lórúkọ yẹn, torí pé ọkùnrin náà kì í kánjú láyé ẹ̀. Bí ilé bá ń jó, Jẹ́jẹ́ á kọ́kọ́ wá ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kejì. Ó ra ọkọ̀ onírin kan tó ti gbó, tó ní ibùsùn méjì àti ilé ìdáná tí èèyàn kan ṣoṣo lè dúró nínú ẹ̀. Ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, ó tò ó padà, ó tún tú u. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, ohun gbogbo ti parí. Òun àtìyàwó rẹ̀ fẹ́ máa gba etí òkun lọ láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n máa sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí. Àsíá nìkan ló kù.

Ni Jẹ́jẹ́ bá jókòó ti ọ̀rọ̀ àsíá. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé jígí ìwòwé sójú, á kó ìwé òfin àwọn ìlú sórí ikùn. Ìlú yìí dáa, àmọ́ òfin wọn ti le jù. Tọ̀hún ò le, àmọ́ ta ló mọ̀ wọ́n rí? Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Jẹ́jẹ́, mú ọ̀kan. Kò síbi tí wọn kì í dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló kàn dùn jura." Òun náà á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́." Ó ń fẹ̀sọ̀ mú un bọ̀, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wọn, burẹ́dì tó lọ rà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ tún ẹ̀rọ ṣe kí àwọn ẹlòmíràn má baà gun àtẹ̀gùn! Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ayé.

Ìyàwó tó fi sílẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Eyín. Eyín ló ń tọ́jú: ó ń yọ ọ́, ó ń dí i, ó ń gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn lábẹ́rẹ́ kó lè kú tipiri kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ ikú ọkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Kò sunkún. Àwọn tó wá kí i ló ń sunkún, òun ló ń bu omi fún wọn mu. Ó sin ọkọ rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń dáhùn bí wọ́n bá kí i. Àwọn kan ní ọkàn ẹ̀ le bí òkúta. Wọ́n ò mọ nǹkan kan. Obìnrin náà ń wá ìbànújẹ́ yẹn kiri inú ara ẹ̀, kò rí i mú ni. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó dun òun, ẹ̀rù sì ń bà á pé bóyá kò ní dun òun láéláé.

Ọ̀gá èbúté ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà dé. Orí àga ìyọyín ló sì ti sọ ọ́, torí eyín ń dà á láàmú.

"Dókítà," ó ní, "mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀. Àsíá tí ẹni tó ta ọkọ̀ yẹn fún yín ń lò ti parí tipẹ́. Jẹ́jẹ́ ń bẹ̀ mí, mo sì ń fún un láyè. Àwọn ọ̀gá mi ló wá dé báyìí. Ọkọ̀ tí kò bá nílùú títí oṣù yìí á fi parí, a máa gbé e kúrò lómi, wọ́n á gé e tà fún àwọn onírin."

Dókítà Eyín ti gbé abẹ́rẹ́ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Kò bínú, ẹ̀rù ò bà á, kò gbọ́ nǹkan kan nínú ara ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ náà kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó gún èèyàn lọ láti ìgbà èwe! Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé òun ò fẹ́ kí wọ́n gé ọkọ̀ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ fìbínú gún mi ni?" Ojú ọ̀gá èbúté ò kúrò lára abẹ́rẹ́.

"Ẹ la ẹnu," ó ní.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, àbúrò ọkọ rẹ̀ náà wá. Eyínfúnjowó ni Dókítà Eyín ń pe àbúrò ọkọ yìí láti ìgbà ìyàwó, kó tó di pé ó wo ẹnu ẹ̀ dáadáa tó rí òótọ́. Wọ́n jókòó ti oúnjẹ, wọ́n ń wá ìlú fún ọkọ̀.

"Ìyàwó wa," ni Eyínfúnjowó wí, "ọmọ ìlú tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi sí ni kí ọkọ̀ náà jẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọmọ ìlú nìkan ni wọ́n ń gbà láyè níbẹ̀, ẹ̀yin ò sì gba ìwé ìlú wa. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, màá fi orúkọ mi gbà á. Orúkọ lásán ni."

"Bàbá Kékeré, orúkọ lásán kẹ̀?" Ilé iṣẹ́ ìǹsọ́ránsì ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, kò sí irú orúkọ lásán tí kò tíì rí. "Ẹni tórúkọ ẹ̀ bá wà nínú ìwé ló lọkọ̀."

"Ṣé mo fẹ́ gba ọkọ̀ bàbá ẹ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ojú ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi níléèwé! Bí mi ò bá ní nǹkan ẹ̀ kan tí mo lè fọwọ́ kàn..." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Àánú ẹ̀ ṣe mí, kí n má purọ́, àmọ́ ọkọ̀ ló fẹ́ gbà síbẹ̀síbẹ̀.

Erékùṣù kékeré kan lọmọ náà mú wá ní tiẹ̀. "Wọn ò ní bi yín ní nǹkan kan níbẹ̀, Mọ́mì. Wọ́n á fún yín ní àsíá wéré. Ọkọ̀ tó bá ń lo àsíá àjèjì ò lè pẹ́ ní èbúté wa níbí, òótọ́ ni, àmọ́ kí wọ́n tó lé e, a ti máa rí ẹni rà á."

"Ìlú tí ẹ ń gbé yìí ńkọ́? Ìyá ẹ ṣáà ti gba ìwé tibí," ni Eyínfúnjowó wí.

"Ìyẹn le jù. Wọ́n ní ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ wà á kọjá ẹnu èbúté, kó wà á padà, kí olùyẹ̀wò jókòó sínú ẹ̀ kó máa wò ó. Ta ló máa wà á? Mọ́mì?" Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ìyá ẹ̀. "Ẹ̀yin gan-an, kí lẹ fẹ́?"

"Mi ò mọ̀," ni Dókítà Eyín wí. "Ẹ jẹun, oúnjẹ ń tutù."

Wọ́n rò pé ó ń fi nǹkan pa mọ́ ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ.

Nígbà tó kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó gba èbúté lọ, ó wọnú ọkọ̀, ó jókòó sídìí ìdarí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé Jẹ́jẹ́ ló ń wa ọkọ̀ yẹn, ẹ ò mọ Jẹ́jẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún báyìí, inú ihò ẹ́ńjìnnì ló máa ń wà, á dẹ etí sí i bí ìyá ọmọ tuntun, á máa kígbe pé "Díẹ̀ sí i!" Ìyàwó ẹ̀ ló máa ń di ìdarí mú, tí wọ́n á jọ máa yí inú èbúté po. Wọn ò kọjá ẹnu èbúté rí, torí pé kò sí àsíá. Jẹ́jẹ́ ló fi pákó gbé àga ibẹ̀ sókè, nítorí ìyàwó ẹ̀ ò ga. Ẹni tó bá ga jù ú lọ ò lè jókòó síbẹ̀ kí orúnkún ẹ̀ má há sábẹ́ ìdarí.

Dókítà Eyín fọwọ́ kan pákó náà. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ ó rò ó wò pé bí Eyínfúnjowó bá gba ọkọ̀ yìí, pákó yẹn ló kọ́kọ́ máa yọ dànù. Àjèjì tó bá rà á náà, á yọ ọ́ ni. Bó ṣe rò ó tán, ó dìde, ó lọ rí Alásíá.

Alásíá lobìnrin kan tó ní ọ́fíìsì lẹ́nu ọ̀nà èbúté, tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa bá àwọn èèyàn gbàlú fún ọkọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí, èèwọ̀ ibòmíràn; gbogbo ẹ̀ ló wà lórí ẹ̀. Àléébù ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé orí fóònù ló ti ń bi èèyàn ní gbogbo ìbéèrè, kì í sì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ó ní àmì ń jẹ àkókò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀.

"E kaaro ma. Oko yin, se igi ni abi irin?"

"Irin," ni Dókítà Eyín tẹ̀ ránṣẹ́.

"Odun wo ni e ra oko yin?"

Nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣiṣẹ́ yọjú wo fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ta ló ń bi yín pé ọdún wo lẹ ra ọkọ yín?" Kó tó sọ ọ́ tán ló rántí, ó sáré fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, mà."

"Kò sí nǹkan kan." Dókítà Eyín rí i pé ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni kò wá.

"Ilu wo ni e fe mu ma?"

"Ibi," ló kọ.

"Ibi bawo ma? Olorun o ni je ka ri ibi."

"Ilu wa nibi yii ni mo n so," ló tún kọ. Òun náà ò fi àmì sí i, ẹ má wulẹ̀ dá Alásíá nìkan lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe yan ìlú nìyẹn o, láàárín ẹni tó wá dí eyín àti ẹni tó wá yọ ọ́, ohun tí Jẹ́jẹ́ jókòó tì títí tó fi kú.

Ẹni tó wá yọ eyín ti la ẹnu sílẹ̀ nígbà tí fóònù tún dún. "O ku oruko oko yin ma. Mo fe fi ranse bayii."

Ẹ gbọ́ ná. Láti ìgbà tí Jẹ́jẹ́ ti kú, kí ni gbogbo ayé ń bi obìnrin yìí? Báǹkì: orúkọ ọkọ yín. Ilé ìwòsàn: orúkọ ọkọ yín. Àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, àwọn tó ń kọ̀wé sára òkúta ibojì: orúkọ ọkọ yín, mà, ẹ má gé e kúrú. Ìka rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kọ láìbi orí léèrè. Ọkọ̀ náà ò sì lórúkọ rárá, Jẹ́jẹ́ ò tíì dé orí ìyẹn. Ó yọ ìbọ̀wọ́ kan, ó tẹ orúkọ ọkọ rẹ̀ tòun ti orúkọ bàbá tó bí i, ó fi ránṣẹ́, ó sì yọ eyín.

Alásíá fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà wá, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ìwé ìjọba ni, wọ́n fi àmì sí gbogbo ẹ̀ bó ṣe tọ́. Orúkọ ọkọ̀: orúkọ Jẹ́jẹ́, látòkè délẹ̀. Ẹni tó ni ín: Dókítà Eyín, òun nìkan, kò sí ìpín ẹlòmíràn nínú ẹ̀. Ó ku kó wà á lójú olùyẹ̀wò, kó tó di tiẹ̀ pátápátá.

"Ó wú mi lórí bí ẹ ṣe fi orúkọ wọn sọ ọ́," ni Alásíá wí. "Ìfẹ́ nìyẹn."

"Orúkọ ọkọ lo bi mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Orúkọ ọkọ̀."

"Ọkọ."

"Ọkọ̀."

Alásíá fa fóònù yọ, ó ka ohun tó kọ, ó ka èsì tí wọ́n fún un, ló bá káwọ́ lérí. "Yéè! Mo gbé! Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ó ní wọ́n lè yí i padà, àmọ́ àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á tún ti bẹ̀rẹ̀, oṣù ò sì ní dúró dè wọ́n. Wọ́n á ti gé ọkọ̀ wẹ́wẹ́ kí orúkọ tuntun tó dé.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Dókítà Eyín wí.

Ọmọ ẹ̀ figbe ta lórí fóònù: "Orúkọ Dádì ni wọ́n á máa pe irin?" Eyínfúnjowó ní tiẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ̀yin wo fóònù! Ìyàwó wa, gbogbo ayé ẹ̀gbọ́n mi, òun ni olówó orí yín. Ẹ wá di olówó orí ẹ̀ báyìí, ìjọba tún fọwọ́ sí i!" Ẹ̀rín náà yí padà lẹ́nu ẹ̀, ó di nǹkan mìíràn, ó sì sáré pa fóònù. Láti ọjọ́ yẹn, kò dárúkọ ìlú tiwọn mọ́. Ta ló máa bá opó du ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ ẹ̀?

Ọkùnrin tó wá fi ọ̀dà kọ orúkọ náà sí ìdí ọkọ̀ béèrè pé ṣé kóun fi àmì sí i. "Fi sí i," ni Dókítà Eyín wí. "Má ku ẹyọ kan."

Olùyẹ̀wò dé nígbà tí oṣù ti fẹ́ tán. Ọkùnrin tó sanra ni, tó gbé ìwé lé itan, tó rọra jókòó sẹ́yìn. "Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, mà. Ẹ gbà pé mi ò sí níbí. Bí ẹ bá wà á lọ tẹ́ ẹ wà á bọ̀, ọkọ̀ di tìlú wa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ìyókù."

Ó tú okùn. Ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó kígbe látinú ihò. Ó gba àárín àwọn ọkọ̀ tó kù kọjá, ara ẹ̀ kú, ọwọ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ àti Eyínfúnjowó dúró létí omi, wọ́n ń juwọ́, kò rí ọwọ́ fi dá wọn lóhùn.

Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ẹnu èbúté, olùyẹ̀wò nàka sí rédíò. "Wọ́n á pè yín látinú ilé gogoro yẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ ti dáhùn kí ẹ tó dé ìdí òpó pupa. Ọkọ̀ tí kò bá dáhùn, wọ́n ń dá a padà ni." Dókítà Eyín ò mọ̀ pé irú ẹ̀ wà. Wọn ò wà á débẹ̀ rí.

Rédíò dún. Ohùn obìnrin kan ló jáde, ẹni tí kò mọ Jẹ́jẹ́ rí, tí kò sì mọ̀ pé ó kú. Ó pe orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe Jẹ́jẹ́ o, orúkọ rẹ̀ gan-an, tòun ti ti bàbá rẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta bí òfin rédíò ṣe wí, ó pè é bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó wà ní yàrá kejì. "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn."

Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti kú, wọ́n ń dárúkọ ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń pè é. Kò sẹ́ni tó pè é kó sì máa retí pé kó jẹ́.

Dókítà Eyín gbé gbohùngbohùn, ẹnu ẹ̀ kọ̀. Òpó pupa ń sún mọ́lé. Obìnrin náà tún pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Olùyẹ̀wò gbé bírò sókè, ó sì rọra ní, "Orúkọ ọkọ̀ lẹ máa fi ṣáájú, mà. Ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí."

Nǹkan kan já nínú ẹ̀. Ó dùn ún. Ó dùn ún wọ egungun. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ṣe tọkọtaya, Jẹ́jẹ́ lòun ń pè é, kò fẹnu ara ẹ̀ pe orúkọ yẹn rí. Ó pè é wàyí, látòkè délẹ̀, kò gé e kúrú. "Nìyí o," ó ní. "À ń gbọ́ yín. À ń jáde lọ."

"Ẹ ṣeun. Òkun dáa lónìí." Obìnrin náà tún pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ó dàbọ̀ o."

Ó dàbọ̀! Ta ló ń sọ ìyẹn fún òkú? Ó dìgbóṣe là ń sọ fún òkú, ó dàrìnnàkò. Ẹni tó ń bọ̀ ló ni ó dàbọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ lọ ra burẹ́dì, ó ké látẹnu ọ̀nà pé, "Mò ń lọ o." Ìyàwó ẹ̀ ń fọ eyín lọ́wọ́, ìfófòó kún ẹnu ẹ̀, kò lè sọ ju "Ùn-ún" lọ.

"Ó dàbọ̀," ló wí sínú gbohùngbohùn, ó gbé e kọ́ padà, ló bá bú sẹ́kún. Ó sunkún bí ọmọdé, omijé àti ikun imú ń dà papọ̀, kò rọ́wọ́ nù ún, torí ọwọ́ méjèèjì ló fi di ìdarí mú. Olùyẹ̀wò wò ó, ó wo ìwé ẹ̀, kò mọ ibi tó yẹ kó kọ ìyẹn sí.

"Àpáta wà lọ́wọ́ òsì, mà," ó ní.

"Mo ti rí i," ni Dókítà Eyín wí, ó sì yí ìdarí sápá ọ̀tún, wọ́n kọjá òpó pupa, wọ́n bọ́ sójú òkun.